Ọjà ń yá, owó kò dúró: ìdáhùn fún ọ̀dọ́bìnrin tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ láti Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ fún àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan: resistor (tó ń dín iná kù), sensọ̀, bọ́ọ̀dù Arduino àti ESP32 (kọ̀ǹpútà kéékèèké tí a fi ń darí ẹ̀rọ), wáyà, bátìrì. Kò sí ohun tí wọn kì í rí lọ́wọ́ mi: oríṣi ogójì ti di ọ̀ọ́dúnrún. Inú yàrá mi nílé ẹ̀kọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti wá gba yàrá kejì sí i ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Tẹ́lẹ̀, oníbàárà mẹ́ta mẹ́rin ni mò ń rí lọ́sẹ̀. Ní báyìí, tí àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì bá dé, wọ́n máa ń tó ọgbọ̀n lóòjọ́, láti Àkúrẹ́ títí dé Minna. Mi ò rí oorun sùn mọ́. Mo ń fi ọjà ẹlẹ́yìí ránṣẹ́ sí ẹlẹ́yìí, mo ń gba owó ọjà tí kò sí nílẹ̀ mọ́, àwọn kan sì ti ń pè mí ní olè lórí WhatsApp. Èyí tó ń yà mí lẹ́nu jù ni pé èrè ìlọ́po méjì ni mò ń jẹ lórí resistor, síbẹ̀ n kì í rí owó kó ọjà tuntun. Ẹnìkan fẹ́ yá mi ní mílíọ̀nù márùn-ún. Ṣé kí n gbà á, kí n kó ọjà rẹpẹtẹ láti Ṣáínà, kí n sì gba ṣọ́ọ̀bù?

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ, torí ó rí bíi pé èmi gan-an ni mo kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ṣì ń di ọjà lórí ẹní ní Ìbàdàn. O kó wàhálà mẹ́rin sínú rẹ̀: àṣìṣe, ọjà tó ń tán láìmọ̀, oníbàárà tó ń bínú, owó tí kì í dúró. O wá so gbogbo wọn mọ́ àìlówó, o sì ń wá owó láti fi wò wọ́n sàn. Mo fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Lójú tèmi, ọwọ́ ni kò tó. O rò pé resistor àti sensọ̀ lò ń tà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ làwọn èèyàn ń rà: ọwọ́ tó ń wá ọjà lórí pẹpẹ, tó ń kà á, tó ń dì í, tó ń tẹ fóònù, tó ń gbé e lọ sí gáréèjì. Ọwọ́ yẹn ní iye wákàtí tó lè ṣiṣẹ́ lóòjọ́, o sì ti lo gbogbo rẹ̀ tán.

Lọ́dún kan tí ọjà mi ń yá bíi tìrẹ yìí, mo gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo sì ń kọ ìṣẹ́jú tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan gbà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ra resistor mẹ́wàá àti iná LED mẹ́rin. Ó bi mí ní ìbéèrè, mo dáhùn. Ó fi owó ránṣẹ́, mo dúró de álààtì. Mo wá ọjà náà, mo kà á, mo fi í sínú ọ̀rá, mo kọ orúkọ sí i lára, mo lẹ̀ ẹ́ pa. Ó tún pè láti mọ̀ bóyá ó ti kúrò nílẹ̀. Ìṣẹ́jú 23 lọ sí i, èrè orí rẹ̀ kò sì tó ₦400. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, olùkọ́ kan ní Ifẹ̀ ra bọ́ọ̀dù ESP32 mẹ́wàá fún kíláàsì rẹ̀. Ìṣẹ́jú 16 ni tiẹ̀ gbà, torí ó mọ ohun tó ń fẹ́, èrè rẹ̀ sì lé ní ₦12,000. Ìyẹn ni mo fi sọ pé èrè ìlọ́po méjì orí resistor yẹn ń tàn ọ́ jẹ. Resistor tí o rà ní ₦10 tí o tà ní ₦20, ₦10 náà ló ṣẹ́kù sí ọ lọ́wọ́, o ò sì tíì yọ owó ọ̀rá, owó sẹ̀lótéèpù, owó dátà àti owó ọ̀kadà tó gbé ọ dé gáréèjì. Nígbà tí oníbàárà ṣì jẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ìwọ lò ń san àwọn owó yẹn láìmọ̀, pẹ̀lú àkókò tí o ò ní ohun mìíràn láti fi ṣe. Ní báyìí tí wọ́n di ọgbọ̀n lóòjọ́, kò sí àkókò tó ṣẹ́kù láti fi san án mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àṣìṣe, torí ibẹ̀ ni owó rẹ ti ń jò jù, mo sì mọ̀ pé o máa ń bú ara rẹ lórí rẹ̀. Má bú ara rẹ. Mú resistor 2k (ìyẹn 2,000 ohm; ohm ni òṣùwọ̀n resistor) aláwọ̀ búlúù, èyí tó ní ìlà márùn-ún tí àwọ̀ wọn ń sọ iye rẹ̀, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 20k. Ti 2k: pupa, dúdú, dúdú, búráwùn, lẹ́yìn náà búráwùn ìkẹyìn. Ti 20k: pupa, dúdú, dúdú, pupa, búráwùn. Ìlà kan ṣoṣo ló yàtọ̀, láàárín pupa àti búráwùn, lára ohun tí kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ yẹ́lò, ní aago mẹ́wàá alẹ́, àwọ̀ méjèèjì kò yàtọ̀ síra rárá. Ti 1k tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: tí o bá kà á láti òdìkejì, 110 ohm ló máa jẹ́, 110 ohm náà sì jẹ́ resistor tó wà lọ́jà.

Mo ti fi 20k ránṣẹ́ dípò 2k rí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Àkúrẹ́ ló rà á pẹ̀lú sensọ̀ HC-SR04, èyí tó ń fi ìró wọn jíjìnnà nǹkan. Iná fóòtì (volt) 5 ni sensọ̀ yẹn máa ń fi ránṣẹ́ padà, bẹ́ẹ̀ sì ni ESP32 kò gbà ju 3.3 lọ. Resistor 1k àti 2k ló fẹ́ fi dín in kù. Pẹ̀lú èyí tí mo fi ránṣẹ́, nǹkan bí fóòtì 4.8 ló wọ inú bọ́ọ̀dù rẹ̀. Bọ́ọ̀dù náà kú lọ́sẹ̀ tó fẹ́ lọ gbèjà pírójẹ́ẹ̀tì. Mo san owó bọ́ọ̀dù, mo san owó wáíbíìlì lẹ́ẹ̀mejì, mo sì bẹ̀ ẹ́ títí. Èrè mi lórí resistor náà kò tó ₦100. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í fi ojú mú resistor mọ́. Bí ọjà bá ṣe wọlé báyìí, mo máa fi multimeter (ẹ̀rọ tó ń wọn iná àti resistor) wọn ọ̀kan nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, mo máa kọ iye rẹ̀ gàdàgbà sára ọ̀rá, mo sì máa kó 2k jìnnà sí 20k lórí pẹpẹ. Gílóòbù funfun ni mo gbé kọ́ sókè tábìlì.

Ohun kékeré kan tún wà tí n kò mọ̀ títí di ọdún kẹta mi. Tí resistor bá ṣì wà lára téèpù tí ilé-iṣẹ́ fi so ó, àlàfo mílímítà 5 ló máa ń wà láàárín ọ̀kan àti èkejì. Nítorí náà, sẹ̀ǹtímítà 5 jẹ́ resistor mẹ́wàá, sẹ̀ǹtímítà 50 jẹ́ ọgọ́rùn-ún. Fi ìkọ̀wé fa ìlà sára tábìlì rẹ, na téèpù lé e, kí o fi sáàsì gé e. O ò ní ka resistor ní méní méjì mọ́ láéláé. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má tà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan mọ́. Gé e ní mẹ́wàá mẹ́wàá ní àsìkò tí ọjà kò yá, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wà nílé, kí o dì í sílẹ̀ dè wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ méjì, kó ra mẹ́wàá. Owó rẹ̀ kò pọ̀ tó láti dá a dúró.

Èyí kan ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi ọjà. O sọ ọ́ bí ẹni tó ń yangàn pé ohun gbogbo làwọn èèyàn ń rí lọ́wọ́ rẹ, mo sì mọ bí ó ti dùn tó láti dáhùn pé “ó wà.” Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ní gbogbo iye resistor tó wà nínú ìtò E12 (àwọn iye tí ilé-iṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan lé lórí), láti 1 ohm dé 1 megaohm, àpótí 73 ló máa tò. Tó bá jẹ́ ti E24, wọ́n di 145, ó sì ku capacitor, tíránsístọ̀, dáyódù. Nínú pírójẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa, 220, 330, 1k, 4.7k, 10k àti 100k ló ń lọ jù. Àwọn yòókù ń jókòó sórí owó rẹ. Tètè tà wọ́n kúrò nílẹ̀ ní ìdìpọ̀ alákànpọ̀, kí o má sì kó wọn mọ́ àfi tí ẹnìkan bá sanwó sílẹ̀.

Ní ti gbígba owó ọjà tí kò sí nílẹ̀, mo mọ̀ pé o kì í ṣe olè. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi owó oúnjẹ rẹ̀ ra sensọ̀, tí o sọ fún un lọ́jọ́ kẹrin pé ó ti tán, kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Inú orí rẹ ni ìwé ọjà rẹ wà. Nígbà tí ọjà jẹ́ oríṣi ogójì, orí gbé e. Nígbà tó di ọ̀ọ́dúnrún, kò gbé e mọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, yálà sórí kọ̀ǹpútà tàbí sínú ìwé ńlá, kí ó sì jẹ́ òfin pé ohunkóhun kò gbọdọ̀ kúrò lórí pẹpẹ láìjẹ́ pé a kọ ọ́, kódà tó bá jẹ́ ìwọ lo fẹ́ lò ó. Ọjà tó ń sọnù jù nílé mi ni èyí tí èmi fúnra mi mú. Má dúró di òpin oṣù kí o tó ka gbogbo ọjà pọ̀. Ka oríṣi mẹ́wàá láràárọ̀ kí o tó tan dátà. Tí ohun kan bá sì ku mẹ́ta, kọ “ó tán” síwájú àwọn oníbàárà. Mẹ́ta yẹn ni yóò gbà ọ́ lọ́jọ́ tí ìwé rẹ bá ṣì ọ́ lọ́nà.

Kí o tó lẹ ìdìpọ̀ pa, tú gbogbo ọjà inú rẹ̀ sílẹ̀ sórí ìwé tí orúkọ oníbàárà wà, kí o ya fọ́tò rẹ̀. Ya òmíràn ní gáréèjì pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò. Ó ń gba ìṣẹ́jú kan, ó sì ti parí ìjà tó pọ̀ fún mi. Tí ọjà bá sì máa pẹ́, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ pè. Ẹni tí a pè ṣáájú kì í sábà bú èèyàn.

Ẹ̀sùn kan tún wà tí kò wá láti ọwọ́ rẹ, àmọ́ tí wọn yóò gbé kà ọ́ lórí: ayédèrú. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ FTDI gbé àtúnṣe kan jáde fún ètò tó ń bá chip FT232 rẹ̀, èyí tó ń so bọ́ọ̀dù mọ́ kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀ lórí Windows. Ayédèrú chip náà kún ọjà nígbà yẹn, àtúnṣe yìí sì sọ wọ́n di aláìwúlò lójijì. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tà á ni kò mọ̀ pé ayédèrú ni. Lónìí, bátìrì 18650 ló ń ṣe èyí jù. Tí o bá rí èyí tí wọ́n kọ 9,900 mAh (iye iná tó lè gbà pamọ́) sí lára, má kó o. Ojúlówó tó dára kì í ju nǹkan bí 3,500 lọ, ó sì máa ń wúwo tó gíráàmù 45 tàbí díẹ̀ sí i. Gbé e lé òṣùwọ̀n kékeré. Ayédèrú sábà máa ń fúyẹ́. Dán díẹ̀ wò nínú gbogbo ohun tó bá wọlé, kí o tó tà ẹyọ kan ṣoṣo. Nígbà ọyẹ́, ohun mìíràn tún ń bọ̀: iná tó máa ń ta wá lára tí a bá bọ́ ẹ̀wù, iná yẹn ti tó láti pa MOSFET (irú tíránsístọ̀ kan) lọ́wọ́ ẹni tó ń dì í, ọ̀rá lásán sì ń dá kún un. Kó irú wọn sínú ọ̀rá fàdákà tàbí fóòmù dúdú tó bá wọn wá, kí o sì fọwọ́ kan irin tó wọlẹ̀ kí o tó mú wọn.

Ọ̀rọ̀ owó tí kì í dúró wá kù. Yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú tí mo kà fún ọ lókè, ó ku bí o ṣe ń gbé iye lé ọjà. Mo rò pé iye tí o fi rà á lò ń fi ìdá èrè lé lórí. Kí oṣù kẹfà ọdún 2023 tó dé, nígbà tí ìjọba kò tíì tú náírà sílẹ̀, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní báńkì. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Wo bọ́ọ̀dù tó jẹ́ dọ́là mẹ́rin: o rà á ní ₦1,840, o tà á ní ₦2,800, o sì ń dúpẹ́. Ogójì tí o tà fún ọ ní ₦112,000. Nígbà tí o padà sọ́jà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di ₦6,000, owó rẹ sì ra méjìdínlógún. Èrè lo kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n ogójì ti di méjìdínlógún. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa láàárín oṣù mẹ́jọ yẹn, ó sì dùn mí títí di òní, torí n kò rí i títí pẹpẹ fi ṣófo. Láti ìgbà náà, iye tí yóò ná mi láti ra èyí tó ń bọ̀ ni mo fi ń gbé iye lé èyí tó wà nílẹ̀. Àwọn oníbàárà máa kùn. Sọ òtítọ́ fún wọn. Dọ́là kì í ṣe àṣírí fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí.

Ní báyìí, mílíọ̀nù márùn-ún náà. Mo rí ìdí tí ó fi ń wù ọ́. Ẹrù púpọ̀ dín owó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, owó ọkọ̀ ojú omi sì dín ju ti ọkọ̀ òfuurufú lọ fíìfíì. Àmọ́ ọkọ̀ ojú omi máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta kí ẹrù tó dé ọwọ́ rẹ, èlé orí owó kò sì ní dúró dè é. Tí àwọn ará Ṣáínà bá ń ṣọdún tuntun wọn, ní ìparí oṣù kìíní tàbí nínú oṣù kejì, ilé-iṣẹ́ wọn ń tì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí kò bá tíì kó ẹrù kúrò ní Shenzhen ṣáájú rẹ̀, àsìkò pírójẹ́ẹ̀tì lè kọjá mọ́ ọn lójú. Ó tún ku ohun tí èèyàn kò lè rò tẹ́lẹ̀. Yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ni SparkFun, ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀yà ẹ̀rọ bíi tìrẹ, náà ti bẹ̀rẹ̀: Nathan Seidle ló dá a sílẹ̀ ní Boulder, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2003. Lọ́dún 2014, nígbà tó ti di ilé-iṣẹ́ ńlá, kọ́sítọ́ọ̀mù Amẹ́ríkà dá multimeter 2,000 tó kó láti Ṣáínà dúró, kìkì nítorí pé àwọ̀ yẹ́lò ara rẹ̀ jọ ti ilé-iṣẹ́ Fluke, tó ti forúkọ irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lórí multimeter rẹ̀. Nǹkan bí $30,000 ni ẹrù yẹn. SparkFun gbé àdánù náà. Ìwọ pẹ̀lú owó olówó lọ́wọ́, ṣé o lè gbé ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀?

Nínú ohun tí o lè ṣe, gbígba ọmọbìnrin tàbí ọmọkùnrin kan láti máa di ọjà fún wákàtí mẹ́rin lóòjọ́ ni èmi yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó ní ewu tiẹ̀: owó oṣù rẹ̀ ń bọ̀ yálà ọjà tà tàbí kò tà, ó sì máa ṣe àṣìṣe ju tìẹ lọ ní oṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o gbé iye owó ọjà tó kéré jù kalẹ̀, ká ní ₦5,000, fún ẹni tó bá fẹ́ kí o fi ọjà ránṣẹ́ sóun. O máa pàdánù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan, èyí sì dùn mí láti sọ, torí ẹni tó ra resistor mẹ́wàá lónìí lè di olùkọ́ tó ń ra bọ́ọ̀dù mẹ́wàá lọ́la. Ohun tí mo ṣe ni pé mo ní kí wọ́n para pọ̀: ọmọ kíláàsì kan gba ọjà gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, èmi náà sì fún un ní ẹ̀dínwó. Ṣọ́ọ̀bù ni èmi kò ní kánjú gbà. Owó ilé rẹ̀ kò ní yí iye ìṣẹ́jú tí ìdìpọ̀ kan ń gbà padà, àwọn èèyàn yóò sì máa wọlé wá bi ọ́ ní ìbéèrè nígbà tó yẹ kí o máa dì ọjà. Ọ̀nà kan tún wà tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ fún ọ: o lè pinnu láti má tóbi jù báyìí. Gbé iye ọjà sókè, ta oríṣi ọgọ́rùn-ún tó ń lọ jù, kí o sì máa sùn lóru. Mo mọ àwọn tó yan èyí, wọn ò sì kábàámọ̀.

Mo ní láti sọ ibi tí ìmọ̀ mi mọ. N kò ju èèyàn mẹ́rin lọ rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí, nítorí náà, tí tìẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wá ẹlòmíràn bi. Ọ̀rọ̀ owó orí àti ti kọ́sítọ́ọ̀mù, lọ bá oníṣirò owó àti aṣojú tó ń ṣe é lójoojúmọ́. Ní ti owó yíyá náà, n kò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ohun tí mo kà nínú lẹ́tà rẹ. Ra ìwé kékeré kan lọ́la. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan: ìṣẹ́jú tó gbà, èrè tó kù lẹ́yìn gbogbo ìnáwó tí a bá fi iye ọjà ọ̀la ṣírò, àti bóyá ó padà wá ráhùn. Sọ fún ẹni tó fẹ́ yá ọ lówó pé kó fún ọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ya fọ́tò àwọn ojú ìwé náà, kí o fi ránṣẹ́ sí mi, a ó sì jọ ṣírò bóyá ìdìpọ̀ ọgbọ̀n lóòjọ́ lè san èlé yẹn.